Síárìn Tó Ń Mì Lọ́wọ́ Dírẹ́bà: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tó Ti Tú, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ẹni tó bá ti bá wọn kó kòkó tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti oko ní agbègbè Arimogija, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, á mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà a gan, a sì rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé, gbogbo ara ọkọ̀ a máa gbọ̀n kìjikìji.

Lọ́jọ́ kan, iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ifọ́n. Ohun tí mo rí kò jẹ́ kí n gbádùn ìrìn àjò náà. Gbogbo ìgbà tí táyà bá ti wọ kòtò ni síárìn ń gbéra sókè, tó sì ń padà sílẹ̀, bí orí alángbá tó ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Mo ní, "Bàbá, síárìn yín mà ń mì o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́. Mẹkáníìkì ní kò sí nǹkan tó ṣe é, pé ọ̀nà ni."

A dé Ifọ́n láyọ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi: ṣé ọ̀nà ni lóòótọ́? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ó rí i pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì yẹn, àmọ́ ààbọ̀ òótọ́ ni, ààbọ̀ kejì ló sì lè pa èèyàn.

Kí ló wà láàárín ọwọ́ dírẹ́bà àti táyà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irin kan ṣoṣo ló lọ tààrà láti síárìn dé táyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ́ nǹkan ni wọ́n so mọ́ra wọn bíi ṣéènì, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀.

Èkíní ni síárìn fúnra rẹ̀, èyí tí nọ́ọ̀tù ńlá kan dì mú ní àárín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni column, ìyẹn páìpù tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin tó gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá. Páìpù yìí kì í yí. Ṣáàfù tó wà nínú rẹ̀ ló ń yí, orí bẹ́ríìnì ló sì ti ń yí. Nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí ẹ ń tẹ bíréèkì, ṣáàfù náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́nà kó tó lè gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá. Universal joint ló ń bá a ṣẹ́ kọ́nà yẹn. Èrò tó wà nínú joint yìí ti pẹ́ láyé. Gerolamo Cardano ará Ítálì kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Robert Hooke ará Gẹ̀ẹ́sì sì lo irú rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sọ Faransé, títí kan àwọn ará Kùtọnú àti Lomé, fi ń pè é ní cardan.

Láti ibẹ̀, ṣáàfù a wọ inú rack. Eyín kékeré kan ló ń yí nínú rack, ó sì ń ti irin gígùn eléyín sọ́tùn-ún sósì. Ní ẹnu irin náà lọ́tùn-ún lósì ni tie rod wà, èyí tó di ẹsẹ̀ táyà mú. Ball joint wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ kà wọ́n dáadáa: síárìn, column, joint, ṣáàfù, joint kejì, rack, tie rod, ball joint. Bí ọ̀kan péré bá tú, ọwọ́ dírẹ́bà á gbọ́ ọ. Ohun tí ọwọ́ kò lè sọ fún un ni pé èwo ni.

Oríṣi mìmì mẹ́ta ló wà

Kí ẹ tó gbé sípánà, ẹ kọ́kọ́ mọ irú mìmì tí ẹ ń bá jà, nítorí pé oògùn wọn yàtọ̀.

Àkọ́kọ́: síárìn ń lọ sókè sódò, tàbí ó ń wá síwájú, ó ń padà sẹ́yìn. Bí gbogbo column àti ike tó bò ó bá jọ ń mì pọ̀, àwọn bóòtù tó dè é mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ti tú, tàbí ọwọ́ tí ẹ fi ń gbé síárìn sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni kò dì mọ́. Bí síárìn nìkan bá ń mì tí column dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo nọ́ọ̀tù àárín síárìn tàbí bẹ́ríìnì òkè. Irú èyí ló wà nínú ọkọ̀ Bàbá.

Èkejì: síárìn kò mì sókè sódò, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yí i díẹ̀, táyà kò dáhùn. Ẹ yí i síwájú sí i kó tó dáhùn. Àlàfo ti wà nínú joint, rack tàbí tie rod nìyẹn.

Ẹ̀kẹta: síárìn ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, bóyá láti kìlómítà 80 lọ sókè, tó bá sì ti dẹwọ́ eré, ó dáwọ́ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, táyà tí kò ní balancing tàbí wíìlì tó ti tẹ̀ ló ń fà á. Ẹ má lọ tú dáṣíbọ́ọ̀dù nítorí èyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà.

Àlàfo mélòó ló ti pọ̀ jù?

Kò sí síárìn tí kò ní àlàfo rárá. Ìbéèrè náà ni pé mélòó. Ìwé àtúnṣe Toyota fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré wọn sọ pé etí síárìn kò gbọ́dọ̀ rìn ju mìlímítà 30 lọ kí táyà tó dáhùn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́dọọdún, ohun tí àwọn ayẹ̀wò ń fi ṣe òdiwọ̀n fún ọkọ̀ tó ń lo rack ni nǹkan bíi mìlímítà 13, bí síárìn bá fẹ̀ tó mìlímítà 380. Ọkọ̀ tó ń lo àpótí síárìn, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, lè dé mìlímítà 75.

Ẹ lè máa sọ pé, "Kí ni mìlímítà 30? Kò tó ìka méjì!" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Ká ní síárìn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 38. Mìlímítà 30 ní etí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 9. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ẹ ó yí síárìn ní nǹkan bíi dígírì 16 kí táyà tó yí ní dígírì 1. Tí a bá fi 16 pín 9, ó lé díẹ̀ ní ìdajì dígírì kan. Ìyẹn ni ìwọ̀n tí táyà lè fi yà láì jẹ́ pé ọwọ́ dírẹ́bà mọ̀ sí i. Ní báyìí, ká ní ọkọ̀ náà ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ìyẹn jẹ́ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí táyà bá lo gbogbo àlàfo yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ọkọ̀ náà á ti yà kúrò lójú ìlà rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti lé ní mítà mẹ́ta. Ìyẹn ti gbé e dé iwájú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lódìkejì.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí dírẹ́bà tó ń yí síárìn sọ́tùn-ún sósì láìdákẹ́ lójú ọ̀nà tó gún, kì í ṣe pé ó mọ ọkọ̀ wà jù. Àlàfo ló ń lé kiri.

Láti wọn àlàfo: ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú gún régé. Bó bá jẹ́ síárìn tó ní power, ẹ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbé rúlà sí etí síárìn, kí ẹnìkan dúró síta kó máa wo táyà. Ẹ fi ìka yí síárìn jẹ́jẹ́ títí tí ẹni tó wà níta á fi sọ pé, "Ó ti ń lọ." Ẹ kà á.

Bí a ṣe ń wá ibi tó ti tú

Òfin kan péré ló wà, ó sì rọrùn: ibi tí ìyípo bá wọ̀ tí kò jáde bó ṣe wọlé, ibẹ̀ ni àrùn wà. Òkè ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá kàn ní, "Ẹ lọ ra rack wá," láì tẹ̀ lé òfin yìí, owó yín ló ń fi kọ́ṣẹ́.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ibi tí síárìn kò ti ní tì pa. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di síárìn mú, ẹ fà á mọ́ra, ẹ tì í, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí ni yóò fi oríṣi mìmì àkọ́kọ́ hàn yín.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkejì jókòó sídìí síárìn, kó máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni tó ń ju ọmọ lọ́wọ́ kó lè sùn. Ẹ̀yin ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi bíréèkì, ẹ wo universal joint. Bí apá òkè bá ti yí tí apá ìsàlẹ̀ ṣì ń rò ó, ẹ ti rí i. Ẹ tún gbé ọwọ́ lé e, nítorí pé ọwọ́ a máa gbọ́ "kọ́-kọ́" tí ojú kò lè rí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún joint kejì, tó wà nítòsí rack. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ́dọ̀ wà ní títàn, ẹ mú ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì.

Bí àwọn joint bá dára, ẹ wo rack fúnra rẹ̀. Ṣé gbogbo ara rẹ̀ ń sún sọ́tùn-ún sósì? Rọ́bà búṣì tó dì í mú ti jẹ nìyẹn, kì í ṣe rack ló bàjẹ́. Ṣé irin eléyín ń lọ tí tie rod ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e? Tie rod ni.

Ní ìparí, ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan, kí ẹ sì fi stand tó lágbára tì í. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ di táyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ẹ mì í. Bó bá mì, tie rod ni ẹ ó fura sí. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bó bá mì, ball joint tàbí bẹ́ríìnì wíìlì ni.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Kí ẹ tó tú ohunkóhun lára column, táyà gbọ́dọ̀ gún, kí ẹ sì yọ kọ́kọ́rọ́ kí síárìn tì. Ẹ lè fi bẹ́líìtì ìjókòó so ó kó má bàa yí. Ìdí ni pé wáyà airbag tó ká bíi ìgbín wà lẹ́yìn síárìn. Bí síárìn bá yí ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti tú ṣáàfù, wáyà náà á já. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù, kí ẹ sì dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 kí iná tó kù nínú airbag tán. Airbag tó bá bẹ́ síni lójú lè ṣeni léṣe gidi.

Bó bá jẹ́ bóòtù column ló tú, ẹ yọ ike abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ má kàn fún wọn mọ́lẹ̀. Ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wo eyín wọn, ẹ wo irin tó gbà wọ́n bóyá ó ti là. Bí eyín bá ti jẹ, ẹ rọ́pò bóòtù náà pẹ̀lú irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, kì í ṣe bóòtù tí ẹ rí nílẹ̀ nínú ọgbà mẹkáníìkì.

Agbára tí ẹ ó fi fún un wà nínú ìwé ọkọ̀ náà, sípánà tó ń wọn agbára ló sì dára jù fún un. Bí àpẹẹrẹ, bí ìwé bá sọ pé 35 Nm, tí sípánà yín sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó túmọ̀ sí pé ìwọ̀n bíi kílò 14 ni ẹ ó fi tẹ ẹnu rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi páìpù gùn sípánà tó sì fi gbogbo ara lé e, á fa bóòtù gùn débi pé yóò já lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá jẹ́ universal joint, ẹ kọ́kọ́ wo bóòtù tó fún un mọ́ ṣáàfù. Nígbà mìíràn bóòtù yìí nìkan ló dẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ eyín ṣáàfù wò pẹ̀lú. Bí eyín bá ti yọ̀, fífún bóòtù kò ní ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ tó yọ joint, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan kọjá lórí joint àti ṣáàfù, kí ẹ lè dá a padà bó ṣe wà. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, bóòtù náà gbọ́dọ̀ gba inú ihò tí wọ́n gé sára ṣáàfù kọjá, nítorí pé ihò yẹn ni kì í jẹ́ kí ṣáàfù yọ jáde bí bóòtù bá tilẹ̀ dẹ̀. Bó bá jẹ́ àgbélébùú inú joint ló jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tie rod, ẹ ka iye ìgbà tí ó yí kó tó jáde, kí ẹ fi iye kan náà dá tuntun padà. Bó bá ní pín-ìn-nì, ẹ fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe alignment, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà á jẹ ẹ̀gbẹ́ kan láìpẹ́.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ yí síárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ tún yẹ àwọn bóòtù náà wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ẹ má gbé joint tàbí ṣáàfù síárìn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Iná ni wọ́n fi sọ irin yẹn di líle ní ilé iṣẹ́, iná wẹ́dà á sì ba líle náà jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó yẹn gan-an ló sábà máa ń kán, kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi òòlù lu ṣáàfù síárìn. Láti ọdún 1968, òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé síárìn ọkọ̀ kékeré tuntun kò gbọ́dọ̀ ya lọ sẹ́yìn gún dírẹ́bà láyà bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ column kó lè wó wọ inú ara rẹ̀. Òòlù lè wó o ṣáájú ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Ẹ má sì ki rọ́bà tíúbù tàbí ọ̀rá omi sáàárín irin kí ó lè dákẹ́. Ariwo yẹn ni ọkọ̀ fi ń bẹ̀ yín. Bí ẹ bá di í lẹ́nu, kò ní lè bẹ̀ yín mọ́.

Ṣé ọ̀nà ni lóòótọ́?

Ní ọdún 1969, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Gerhard Junker fi hàn pé ohun tó ń tú bóòtù jù lọ ni kí nǹkan tó dì mú máa sún sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ rẹ̀. Fífà á sókè sódò kò le tó bẹ́ẹ̀. Bóòtù tó fún dáadáa ń di nǹkan pọ̀ débi pé wọn kò lè sún. Ṣùgbọ́n tó bá ti dẹ̀ díẹ̀, sísún bẹ̀rẹ̀, gbogbo sísún yẹn ló sì ń tú u sí i. Ìdí nìyẹn tí síárìn tó mì díẹ̀ lóṣù yìí fi máa ń mì gan-an lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀nà gbágungbàgun ń mú un yá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í tún bóòtù fún, èèyàn ló ń ṣe é.

Kì í sì í ṣe ọ̀nà burúkú nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Toyota pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.77 padà kárí ayé. Ara ohun tó fà á ni ṣáàfù síárìn tí àwọn kan nínú rẹ̀ kò le tó: bí dírẹ́bà bá ń fi agbára yí síárìn dé òpin léraléra nígbà tí ọkọ̀ rọra ń lọ, eyín rẹ̀ lè yọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé, tí síárìn bá ti dé òpin, ẹ má tún fi ipá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá sì ra tòkunbọ̀, kó ní kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò.

Mo sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún Bàbá kí n tó sọ̀kalẹ̀ ní Ifọ́n. Nígbà tí mo tún bá wọn pàdé, síárìn náà dúró jẹ́ẹ́. Bóòtù méjì nínú mẹ́rin ló ti dẹ̀, ọ̀kan ti jábọ́, a kò mọ ibi tó jábọ́ sí. Ẹ̀kẹrin nìkan ló di síárìn mú ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń gbé wa lọ, tí wọ́n ń gbé wa bọ̀.

Bàbá wo ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ohun tó mọ́ni lọ́wọ́ náà lè pani."

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, ẹ di síárìn yín mú, kí ẹ mì í wò.